Sí Àbẹ̀kẹ́, Lórí Ọ̀rọ̀ Ibi Ọmọ Rẹ̀

Pọ́bẹ̀, lẹ́yìn ìkórè àgbàdo.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á tán, mo tún un kà, mo sì fi í sábẹ́ ìrọ̀rí kí bàbá rẹ má baà bi mí ní ìbéèrè tí n kò tíì ní ìdáhùn sí. Ara mi le. Ara bàbá rẹ le, àfi orúnkún rẹ̀ tí ó máa ń bá òjò jà. Iṣu oko wa ní Tówè ta dáadáa. Ọ̀rọ̀ ìjọba àti ti àsíá kò sí nínú lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn nínú rédíò kí àwa tí a wà nídìí rẹ̀ tó gbọ́.

Ohun méjì ni o kọ sí mi. Àkọ́kọ́ ni pé o ti ríṣẹ́ sí lábò kan, ilé ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé, níbẹ̀ àti pé orúkọ rẹ wà lára ilẹ̀kùn pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Mo yọ̀ gidigidi. Mo gbé lẹ́tà náà lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, mo ka apá ibẹ̀ sókè fún àwọn agbẹ̀bí tí mo ń kọ́, mo sì ká ìyókù mọ́ra kí wọ́n má baà rí i. Ìyókù náà ni ohun kejì: pé o lóyún, pé bí o bá bí, o fẹ́ fún lábò yín ní ibi ọmọ rẹ, kí èmi sì bá yín sọ fún ìyá ọkọ rẹ ní Sakété pé ẹ ti sin ín sábẹ́ igi kan lẹ́yìn ilé yín.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó tó di pé mo ń yí i po. Mo ti lọ sí Sakété, mo sì ti sọ òtítọ́ fún un. Bí o bá wà lórí ìdúró, jókòó. N óò dé orí rẹ̀ nígbà tí àyè rẹ̀ bá tó. Má fo ojú ìwé lọ wò ó. Mo mọ̀ ọ́, èmi ni mo bí ọ.

Ní ti iṣẹ́ rẹ, jẹ́ kí n ka ohun tí mo gbọ́ yé fún ọ, kí o lè mọ ibi tí mo ti ṣìnà. O ní nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, àwọn ohun kan wà tí ń ṣọ́ ara, wọ́n sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí awò tí dókítà wa fi ń wo ẹ̀jẹ̀ kò lè rí wọn. Bí àrùn bá wọlé, àwọn ni wọ́n á dì í mú. Orúkọ tí o pè wọ́n kò gba ahọ́n mi, nítorí náà ẹ̀ṣọ́ ni èmi yóò máa pè wọ́n. Ìyá a máa fi àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí ránṣẹ́ sí ọmọ inú rẹ̀, ọ̀nà ibi ọmọ ni wọ́n sì ń gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìgbẹ̀bí ibẹ̀ fi ń kó ibi ọmọ jọ fún yín, tí ẹ ń fún ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, tí ẹ sì ń yọ ẹ̀ṣọ́ jáde nínú ẹ̀jẹ̀ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ óò fi oje ìbẹ́pẹ gé ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ìbẹ́pẹ tí a ń fi ewé rẹ̀ wé ẹran òbúkọ kó lè rọ̀, òun náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé kó wọ ọkọ̀ òkun lọ fi ṣe ọ̀bẹ! Méjì nínú mẹ́ta náà jọra, o ní àwọn ni ọwọ́ tí ń di àrùn mú. Ẹ̀kẹta ni ìdí. Ìdí yìí, bí ẹ bá gbé e sínú òtútù tí ẹ kò sì yọ ọ́ lẹ́nu, yóò kóra jọ fúnra rẹ̀, yóò di òkúta wẹ́wẹ́ tí ń dán bí iyọ̀. Ẹ óò wá tan ìmọ́lẹ̀ tí ń la ẹran kọjá sí òkúta náà, irú èyí tí wọ́n fi ń wo egungun, ìmọ́lẹ̀ náà yóò fọ́n ká, yóò sì to àmì bíńtín bíńtín sórí fíìmù. Inú àwọn àmì yẹn ni ẹ ti ń ṣírò bí ìdí ẹ̀ṣọ́ náà ṣe rí. O ní kò tíì sí ẹni tó mọ ìrísí rẹ̀ láyé, ó sì lè gbà yín ní ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó yé mi títí dé ibi àmì. Láti ibi ìṣírò lọ, mo gbà ọ́ gbọ́ bí ènìyàn ṣe ń gba wòlíì gbọ́. O tún ní ibi ọmọ tí àwọn ilé ìgbẹ̀bí ń kó wá máa ń pẹ́ lọ́nà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a sì ti bàjẹ́ kí ó tó dé. Ilé ìwòsàn tí ìwọ yóò bí sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lábò, tìrẹ yóò sì dé kí ó tó tutù. Ọ̀gá rẹ kò béèrè. Ìwọ fúnra rẹ lo rò ó. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìwọ ti ṣípá, ó kù kí n mọ bí mo ṣe máa gbé ọ.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn. Mo fẹ́ fi nọ́ńbà sí i bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe máa ń ṣe, bí mo bá sì gbàgbé nọ́ńbà lọ́nà, kí o forí jì mí.

Èkíní, má kánjú. O kọ̀wé pé ní gbogbo òwúrọ̀ ni o máa ń yọ àwọn ìgò rẹ kúrò nínú fírígò láti wò ó bóyá òkúta ti hù, àti pé ẹrẹ̀ funfun ni o ń bá nínú púpọ̀ wọn. Ọmọ mi, ṣé kò sí ẹni tó sọ fún ọ níbẹ̀ kí o fi í sílẹ̀? Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀, tèmi ì bá sì ti pa ènìyàn. Nígbà tí mo wà ní Àjàṣẹ́ tí mo ń kọ́ṣẹ́ ìgbẹ̀bí, ọ̀gá mi jẹ́ obìnrin Gùn kan tí a kì í rí eyín rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan bí sí ọwọ́ mi. Ọmọ ti jáde, ó ti ké, ibi ọmọ ni a ń retí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń wẹ̀ láti lọ wo ìgbéyàwó kan létí ọ̀sà, ẹsẹ̀ mi sì ti wà lọ́nà. Mo di ìwọ́ ọmọ mú, mo fẹ́ fà á.

Bí ọ̀gá mi ṣe dé ẹ̀yìn mi, n kò mọ̀. Ó gbá mi lọ́rùn ọwọ́, ó ní, "Ṣé ìwọ lo so ó mọ́ ibẹ̀ tí o fi fẹ́ tú u?" Ó ní kí n jókòó ní ìdí ibùsùn, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, kí n máa wò. Mo jókòó. Mo gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín jáde lọ. Ibi ọmọ náà jáde nígbà tí ó wù ú, ó jáde tán pátápátá, obìnrin náà kò sì ta ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀gá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún mi pé ẹni tó bá fà á, apá kan a já sínú, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dà títí yóò fi tán. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Gbé àwọn ìgò rẹ sí ibi tí o kò ní máa rí wọn, kí o sì wá nǹkan mìíràn fi ọwọ́ ṣe.

Kí n tó kúrò lórí iṣẹ́: má ṣe sún mọ́ ẹ̀rọ tí ń tan ìmọ́lẹ̀ náà títí ìwọ yóò fi bí. N kò bẹ̀ ọ́ níbí, mo ń pàṣẹ ni. Dókítà tuntun wa, ọmọ ilẹ̀ wa tó rọ́pò òyìnbó, sọ fún mi pé aláboyún kò gbọdọ̀ dúró níwájú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹlòmíràn máa ya fíìmù náà, ìwọ máa ṣe ìṣírò. Má sì ṣe fi ẹnu fa oògùn inú ìgò sínú ọ̀pá dígí mọ́ bí o ṣe ní gbogbo yín ń ṣe. Ẹnu tí ń jẹun fún ẹni méjì kò yẹ kó máa tọ́ oògùn wò. Bí ọ̀gá rẹ bá bínú, sọ fún un pé agbẹ̀bí kan ní Pọ́bẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò mọ ilé mi.

Èkejì, kọ orúkọ sára ohunkóhun kí o tó gbé e sílẹ̀. Má ṣe sọ pé ìwọ yóò rántí. O ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, wọ́n sì ti bu iyọ̀ sí i. Gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe é.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá sí Pọ́bẹ̀, a ní àwọn ìkòkò amọ̀ kéékèèké ní ilé ìgbẹ̀bí tí a ń gbé ibi ọmọ sí, kí bàbá ọmọ lè gbé e lọ sin sílé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ amọ̀kòkò kan náà ni gbogbo wọn ti wá, wọ́n sì jọra. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, obìnrin méjì bí pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ aya ará Àgùídì tó wá bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nílùú yìí, ó bí ìbejì. Èkejì jẹ́ ará Ìsàbà, ó bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo. Mo gbé ibi ọmọ tàwọn ìbejì sínú ìkòkò kan, mo gbé ti ẹnì kan yẹn sínú ìkòkò mìíràn, mo bò wọ́n, mo gbé wọn sórí àga kan náà, mo sì sọ fún ara mi pé mo mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni.

Ọkọ ará Ìsàbà ló kọ́kọ́ dé. Mo gbé ìkòkò fún un. Ó gbé e wò lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó wúwo o! Ọmọ mi yìí máa lágbára." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ará Àgùídì dé, mo gbé tirẹ̀ fún un, òun náà lọ. Ìgbà tí mo ń fọ àga náà ni ọ̀rọ̀ ará Ìsàbà yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí létí. Kí ló lè wúwo nínú ibi ọmọ ẹnì kan ṣoṣo?

Mo so gèlè mọ́rí, mo forí lé ọ̀nà Ìsàbà. Mo bá wọn lẹ́yìn ilé. Wọ́n ti sin ín tán, ìyá àgbà kan ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ariwo sọ. Baálé ilé náà ní kí wọ́n dákẹ́, ó bi mí pé, "Ta ló rán ọ wá?" Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Ó ní, "O wá kí a tó wá ọ. Dìde, wá jókòó."

Kò pẹ́ tí ará Àgùídì fi gun kẹ̀kẹ́ dé, ìkòkò wà lẹ́yìn rẹ̀, òógùn ti wẹ̀ ẹ́. Ó ti dé ilé, ó ti ṣí ìkòkò níwájú àwọn ẹbí rẹ̀ nítorí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀kan ni ibi àwọn ìbejì tàbí méjì. Ìwọ́ kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀. Ó ní òun kígbe, "Táíwò nìkan nìyí! Ibo ni Kẹ́hìndé wà?" Ó padà sí Pọ́bẹ̀, kò bá mi, wọ́n sì júwe ibi tí mo gbà fún un. Baálé gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán, ó ní, "Ohun tí a ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, a kò ní fi ọkọ́ wá a jáde. Gbé ti ọmọ wa lọ, kí o sin ín sílé rẹ. Láti òní lọ, ọmọ yín ọmọ wa ni, ọmọ wa ọmọ yín ni. Wọn kò gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn." Ó parí síbẹ̀.

Títí di òní, bí wọ́n bá se ẹ̀wà ìbejì ní Àgùídì, abọ́ kan ń lọ sí Ìsàbà. Ọmọkùnrin Ìsàbà yẹn ti di bíríkìlà, òun ló mọ ilé Táíwò. Kò sí èyí tí ara rẹ̀ kò le nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá Pààrọ̀ ni wọ́n ń pè mí nínú ọjà fún ọjọ́ gbọọrọ, n kò sì lè bínú. Mo wá ń so òwú mọ́ etí ìkòkò kí ọmọ tó jáde rárá, funfun fún ẹnì kan, dúdú fún ẹlòmíràn. Ìwọ kọ tìrẹ sára ìgò.

Bí o bá bi mí pé kí ni mo gbà gbọ́ nípa ibi ọmọ lẹ́yìn gbogbo èyí tí mo ti gbé, n kò lè tàn ọ́. N kò mọ̀ bóyá ó ń pe ọmọ padà wálé bí àwọn àgbà ṣe wí. Mo kàn mọ̀ pé nítorí rẹ̀, àwọn ènìyàn kan tí wọn kì bá tí mọ ara wọn ń bẹ ara wọn wò. Bàbá rẹ ní òun kò dá sí i, pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Bẹ́ẹ̀ òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́lẹ̀ fún tìrẹ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun di ọkọ́ mú.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí o ti ń wá láti òkè. Jókòó dáadáa.

O kọ ọ́ pé, "Màmá, ẹ bá wa sọ pé a ti sin ín." Gbólóhùn yẹn kò jọ tìrẹ. Kọ́lá ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ jẹ́ ọmọ dáadáa, ó ń kàwé, ó ń fọ abọ́ bí o ṣe sọ, àmọ́ ó ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀, ó sì fẹ́ fi ẹ̀yìn mi ṣe ibi ìsápamọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tiyín kò tilẹ̀ ní rìn tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Kọ́lá yóò bi mí pé abẹ́ igi wo. Yóò bi mí pé ta ló gbẹ́lẹ̀, ta ló bu omi sí i, ṣé iwájú ilé ni àbí ẹ̀yìn. Irọ́ kan yóò bí mẹ́fà, èmi ni yóò sì gbẹ̀bí gbogbo wọn. Ó ti rẹ̀ mí.

Ìdí mìíràn tún wà. Ìwọ lo ni ara rẹ, ìwọ nìkan kọ́ lo ni ọmọ. Ilé bàbá ọmọ ni a ń sin ibi ọmọ sí láti ayébáyé, obìnrin yìí sì ti ń retí àkọ́bí Kọ́lá láti ọjọ́ tí o ti wọ ilé rẹ̀. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni ẹ fẹ́ fi tọrẹ, ẹ sì fẹ́ kí ó máa dúpẹ́ pé ẹ bá òun pa á mọ́. Bí ó bá mọ̀ lẹ́yìn, kò ní ka ọmọ náà sí àlejò, ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò kà sí àlejò. Mo sọ fún ara mi pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ lọ sí Sakété. Mo sì ti pinnu pé bí ó bá sọ pé rárá, rárá náà ni n óò kọ sí ọ, bí o tilẹ̀ fẹ́ kà mí sí ará oko.

Mo bá a níwájú ilé, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé, ó ti fọ aṣọ funfun ìjọ wọn, ó sì ti sá a sórí okùn. A kí ara wa títí. Mo ní, "Ìyá Kọ́lá, mo bá ọ̀rọ̀ kan wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹkún."

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ ti bí?"

"Kò tíì bí. Ọ̀rọ̀ ibi ọmọ náà ni mo bá wá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ibi ọmọ tí kò tíì jáde! Ẹ̀yin agbẹ̀bí yìí, ẹ kì í sinmi."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀, mo sọ ti ìdí rẹ̀ tí ń di òkúta wẹ́wẹ́, mo sọ pé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe rí kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo sọ pé ẹ kò fẹ́ kí ó gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lára ẹ̀gúsí. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ta ló ní kí ẹ má sọ fún mi?"

Mo ní, "N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Kọ́lá ni."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ kò ní láti sọ ọ́, Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Èmi ni mo tọ́ ọ."

Ó ṣẹ́ ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. Ó wá bi mí pé, "Ohun tí wọ́n ń wá yìí, inú ẹ̀jẹ̀ àwọn yovó nìkan ló wà ni, àbí ó wà nínú tiwa náà?" Mo ní Àbẹ̀kẹ́ sọ pé ọ̀kan náà ni nínú ẹ̀jẹ̀ òyìnbó àti ti gbogbo ènìyàn. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀, ó dìde, ó ní kí á lọ sẹ́yìn ilé.

Ẹ̀yìn ilé náà mọ́ tónítóní. Ó rìn lọ sí ẹ̀bá ògiri, ó ń fi ẹsẹ̀ tọ́ka sílẹ̀ bí ẹni ń ka ebè. Ó ní, "Ti Kọ́lá nìyí. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyí. Ti àbúrò rẹ̀ obìnrin nìyí. Èyí ni tàwọn ìbejì." Èmi kò mọ̀ pé Kọ́lá ní ẹ̀gbọ́n rí. N kò mọ̀ pé ó ní àbúrò. Ṣé ó ti sọ ọ́ fún ọ? Bí kò bá tíì sọ ọ́, má bi í lójijì.

Ó ní, "Bàbá wọn gbẹ́lẹ̀ fún gbogbo wọn. Ọwọ́ mi ni mo fi bu omi sí i, ẹsẹ̀ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tí a kò ṣe bó ṣe yẹ. Ibi wọn ló wà níbí." Ó wá nawọ́ sí abẹ́ igi ọsàn tó wà ní ìpẹ̀kun àgbàlá. "Àwọn fúnra wọn wà lọ́hùn-ún. Ọdún tí ìgbóná wọlé ni. Kọ́lá nìkan ló fi sílẹ̀ fún mi."

Ó dúró, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Bí nǹkan kan bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn tó ń di àrùn mú, kí wọ́n wá a o. Kí ló dé tí ó pẹ́ wọn tó bẹ́ẹ̀?"

Àbẹ̀kẹ́, ibi ọmọ tí mo ti gbé lọ́wọ́ kọjá kíkà, n kò sì sunkún rí lórí ọ̀kan. Lẹ́yìn ilé yẹn, mo sunkún. Òun kò sunkún.

Ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn ni mo ń kọ sí ọ báyìí bó ṣe sọ ọ́. Ó bi mí pé ṣé gbogbo rẹ̀ ni ẹ ń lò. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ni ẹ ń fún jáde, ẹran rẹ̀ ni ẹ ń dà nù. Ó ní, "Kí wọ́n mú ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n má da ẹran nù. Kí Kọ́lá gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, kó sin ín fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ yovó, ilẹ̀ náà ni." Nítorí náà, kí o lọ bá ọ̀gá rẹ ṣáájú ọjọ́ ìbí, kí o sọ fún un pé ẹran ibi ọmọ yìí yóò padà sọ́wọ́ bàbá ọmọ. Bí kò bá gbà, kò sí ẹ̀jẹ̀. Kí Kọ́lá sì wá ọkọ́. Bí wọn kò bá ní ọkọ́ níbẹ̀, kó fi ṣíbí gbẹ́ ẹ.

Mo ti ń lọ sí ibùdókọ̀ nígbà tí ó pè mí padà. Ó ní, "Ẹ ti ṣe dáadáa tí ẹ wá. Àmọ́ ẹ̀yin kọ́ ni mo ń retí." Ó ní ìgbà tí àwọn ọmọ òun ń kú, àwọn àgbà ilé ló ń ṣèpàdé lórí rẹ̀ nínú yàrá, wọn a sì jáde wá sọ èyí tí wọ́n bá fẹ́ kí òun gbọ́ fún òun. Òun kò fẹ́ irú ẹ̀ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ òun. Ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ó fẹ́ kí o sọ ti ẹ̀ṣọ́ náà fún òun, bí o ṣe sọ ọ́ fún mi, kí o má gé e kúrú nítorí pé òun kò kàwé. Ó ní òun yóò sọ fún akọ̀wé ìjọ wọn pé lẹ́tà kan ń bọ̀ tí yóò bá òun kà.

Olúwa yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ọmọ yóò jáde, ibi ọmọ yóò jáde, ẹnikẹ́ni kò ní fà á. Bàbá rẹ ń kí ọ. Kí Kọ́lá fún mi, kó sì mọ̀ pé n kò dárúkọ rẹ̀.

Má dá mi lóhùn. Ìyá ọkọ rẹ ni kí o kọ́kọ́ kọ̀wé sí, ó ti jókòó síwájú ilé dè é.

Èmi ìyá rẹ,
Ìyá Àbẹ̀kẹ́, agbẹ̀bí